Àpótí Gíláàsì Tó Ní Ẹja àti Ewé Omi: Ohun Tó Yẹ Kí Ọlọ́jà Ẹja Mọ̀

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin ìyá tó ń ta ẹja tútù, ẹja gbígbẹ àti edé ní Igbókòdá, ní Ayétòrò, ní Ùgbónlà, àti ní gbogbo etí omi Ìlàjẹ pátá, ẹ̀yin la ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ní báńkì tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì ní Àkúrẹ́ tàbí l'Ékòó: àpótí gíláàsì tó kún fún omi, tí ewé tútù hù nínú rẹ̀, tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láàrin ewé náà. Aquarium ni òyìnbó ń pè é. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Ẹja tí a ń pa, tí a ń yan, tí a ń tà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, kí la tún fẹ́ máa wò lára rẹ̀ nínú gíláàsì?" Ọ̀rọ̀ yín kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gbé ẹja ààyè wá sọ́jà nínú bésìnnì. Láàárọ̀, àrọ̀ ń ta pútúpútú, oníbàárà ń ná an, owó gidi là ń pè. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ọ̀kan ti dùbúlẹ̀, òmíràn ti ṣíkùn sókè, iye tí a pè láàárọ̀ sì ti wálẹ̀. Ẹja tó bá kú sínú bésìnnì, orí iná ló kàn, kò sì sí oníbàárà tó máa san owó ẹja ààyè lórí ẹja yíyan. Àwọn kan ní oòrùn ló pa á, àwọn kan ní ojú ayé ni. Ẹni tó bá lè mú ẹja wà láàyè nínú àpótí gíláàsì fún oṣù mẹ́fà ti mọ ohun tó ń pa tiwa nínú bésìnnì, torí ohun kan náà ni.

Nǹkan méjì ló ń pa ẹja nínú omi tí kò lọ tí kò bọ̀. Èkíní ni àìrí èémí. Atẹ́gùn wà nínú omi, òun ni ẹja ń mí. Bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ẹpìyà fi ń kọ́kọ́ kú lọ́sàn-án gangan nígbà tí àrọ̀ ṣì ń yí kiri, torí àrọ̀ ní ohun tó lè fi mí atẹ́gùn òde bíi tiwa, ẹpìyà kò ní in. Èkejì ni ìdọ̀tí ara ẹja fúnra rẹ̀. Ẹja ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, oró kan tí wọ́n ń pè ní ammonia sì ń jáde lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àní láti ibi tó fi ń mí pàápàá. A kì í fojú rí oró yìí. Omi lè mọ́ gaara kó sì ti kún fún un. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó ń gbé e lọ. Nínú bésìnnì ńkọ́, ibo ló fẹ́ gbà? Àrọ̀ tí àìrí èémí ò tètè pa, oró yìí ló ń dúró dè é.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin àrọ̀ kì í fi í fún ẹja lóúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó kó o lọ sọ́jà. Ẹja tí inú rẹ̀ ṣófo kò ní tètè ba omi jẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn, ẹ máa bi wọ́n léèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn kí ẹ tó kó o sínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá sọ pé àárọ̀ yìí náà ló jẹun, ẹ mú omi tútù dání láti fi pààrọ̀ lójú ọ̀nà.

Nínú àpótí gíláàsì, ọ̀nà méjì ni ẹja fi ń bọ́ lọ́wọ́ oró náà. Ewé omi ń fà á mu, ajílẹ̀ ló jẹ́ fún ewé. Yàtọ̀ sí ewé, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà ń gbé lórí yanrìn, lára òkúta àti lára gíláàsì. Àwọn kan nínú wọn ń sọ ammonia di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ oró. Àwọn mìíràn á gba nitrite yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di nitrate, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára, tí ewé sì tún ń jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò rí yìí kì í pọ̀ tó lọ́jọ́ kan. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù: wọ́n á gbé àpótí kalẹ̀ lónìí, wọ́n á kó ẹja sí i lọ́la, ẹja á kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní àwọn ò lọ́wọ́ ẹja.

Kí ẹ má baà rò pé iṣẹ́ ọkùnrin tàbí iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe àpótí gíláàsì láti fi wo ẹran omi. Jeanne Villepreux-Power lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, wọ́n bí i ní 1794. Aṣọ ló ń rán ní Paris kó tó lọ́kọ, kó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí erékùṣù Sicily ní Ítálì. Ẹran omi kan wà lẹ́bàá òkun níbẹ̀ tó máa ń gbé inú ìkarahun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn bóyá òun ló ni ìkarahun náà tàbí ó jí i gbé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá yìí ní kí wọ́n dákẹ́ ariwo. Ní 1832 ó ṣe àpótí gíláàsì, ó bu omi òkun sí i, ó kó àwọn ẹran náà sínú rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó ń ṣọ́ wọn. Ó rí i pé àwọn fúnra wọn ló ń ṣe ìkarahun wọn láti kékeré. Wọn kò jalè.

Ní 1846, obìnrin mìíràn, Anna Thynne, kó àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun wá sílé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi nígbà náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu fèrèsé lójoojúmọ́, tó ń da omi náà láti inú abọ́ kan sínú òmíràn, lọ, bọ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta, kí atẹ́gùn lè wọnú rẹ̀. Ẹ wò ó, ohun tí àwa náà ń fi igbá ṣe sí omi bésìnnì lọ́jà nìyẹn, a kàn máa ń ṣe é mọ níwọ̀nba ni. Ẹni tó bá ń bu omi bésìnnì sókè tó ń dà á padà láti ibi gíga, kì í ṣe pé ó ń fi omi ṣeré, èémí ló ń fún ẹja.

Ó wá di 1850 kí Robert Warington, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́místrì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ewé omi, ẹja méjì àti ìgbín omi bá wà pọ̀ nínú gíláàsì kan, wọ́n lè máa gbé ara wọn ró. Ewé ń mú èémí wá, ẹja ń mú ajílẹ̀ wá, ìgbín ń jẹ ewé tó ti kú kó má baà rà sínú omi. Lọ́dún 1999 ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Diana Walstad, wá gbé ìwé jáde lórí ọ̀nà kan tó fara jọ ìyẹn: erùpẹ̀ nísàlẹ̀, yanrìn lórí rẹ̀, ewé púpọ̀, oòrùn díẹ̀, ẹja díẹ̀, ẹ̀rọ ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀nà tirẹ̀ yìí la fẹ́ràn jù fún etí omi wa, torí ìdí tí gbogbo yín mọ̀. Àpótí tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ oníná ló ń mú ẹja inú rẹ̀ mí, ọjọ́ tí iná bá lọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí. Àbí ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja wẹ́wẹ́?

Ó yá, bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé. Ẹ ní kí wọ́n gé e fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga, kí gíláàsì náà nípọn tó mìlímítà 6. Gámù silicone ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, èyí tí kò ní òògùn tó ń pa èèhù nínú, torí òògùn yẹn á pa ẹja. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó bu omi sí i níta láti wò ó bóyá ó ń jò. Àpótí yìí á gba nǹkan bí lítà 50, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì.

Ẹ má gbé e síbi tó bá ṣáà ti wù yín. Omi lítà kan, kílò kan ni. Tí ẹ bá ro ti omi, yanrìn, erùpẹ̀ àti gíláàsì pọ̀, ó máa tó nǹkan bí kílò 70, ó ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ dáadáa. Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ ilé pákó lórí òpó, ẹ gbé tábìlì rẹ̀ sórí ibi tí òpó ti gbé ilẹ̀ ilé, ẹ má gbé e sí àárín pákó tó ń mì nígbà tí ọmọ bá sáré kọjá. Ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Kó wà nítòsí fèrèsé tó ń gba oòrùn àárọ̀ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Oòrùn ọ̀sán kò dára, á se ẹja. Ní ti ooru inú omi, orí ti bá wa ṣe é: àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń fi iná mànàmáná mú omi gbóná kí ẹja ilẹ̀ wa má baà kú fún òtútù lọ́dọ̀ wọn, tiwa wà bó ṣe yẹ láìná kọ́bọ̀.

Ẹ lọ bu erùpẹ̀ oko lásán, èyí tí wọn ò da ajílẹ̀ tàbí fatiláísà sí. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ tẹ́ ẹ tó ínṣì kan sísàlẹ̀ àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ẹrẹ̀ abẹ́ igi ẹ̀gbà tó wà létí omi iyọ̀. Ẹ mọ òórùn rẹ̀. Ohun tó ń rùn bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ á ba omi jẹ́, á sì sọ ọ́ di kíkan. Lórí erùpẹ̀ oko yìí ni kí ẹ wá tẹ́ yanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, ínṣì kan náà. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bu omi sí i, ẹ tẹ́ ọ̀rá tàbí abọ́ pẹlẹbẹ sórí yanrìn, kí ẹ rọra máa da omi lé e lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ erùpẹ̀ á dìde, gbogbo rẹ̀ á dà bí omi àgbàrá.

Omi wo ni kí a lò? Omi ẹ̀rọ tí ìjọba da chlorine sí ń pa ẹja àti àwọn bakitéríà yẹn. Ẹ bu ú sínú garawa tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan sí méjì kí chlorine náà fò lọ. Omi kànga etíkun sábà máa ń níyọ̀. Omi òjò dára, ṣùgbọ́n tí páànù ilé bá ṣì tuntun, zinc ara rẹ̀ lè pa ẹja lára, ẹ jẹ́ kí òjò púpọ̀ ti fọ̀ ọ́ ná. Omi òjò fúyẹ́ jù fún ìgbín, kò ní ohun tí ìgbín á fi ṣe ìkarahun. Ẹ fọ́ ìkarahun ìgbín omi sí wẹ́wẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ju díẹ̀ sí i. Omi dúdú tó ń ṣàn láti inú igbó ẹrẹ̀ wá, èyí tó dà bí tíì, kò burú rárá. Inú irú rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ wa ti ń wá.

Ewé ló kàn, ibẹ̀ sì ni a ti ní ju àwọn ará òkè lọ, torí a ò ní rà á. Òṣíbàtà kéékèèké, tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ rì í sínú yanrìn. Ojú oró, ẹ jẹ́ kó léfòó lókè. Ó ń fa ìdọ̀tí omi mu gan-an, ṣùgbọ́n tó bá ti bo ìdajì omi, ẹ yọ díẹ̀ dànù kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀. Koríko kan tún wà tí kò ní gbòǹgbò, tí ewé rẹ̀ yí ká igi rẹ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò. Ó máa ń lọ́ mọ́ àjẹ̀. Ẹ ju ìdì kan sí i láti ọjọ́ kìíní, ó yára hù, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu èéhọ̀n. Èyí tí òyìnbó ń sanwó lé jù ni Anubias, ewé rẹ̀ nípọn, ó le, ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti igi nínú odò abẹ́ igbó láti ilẹ̀ wa dé Kamẹrúùnù. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ o. Ẹ fi òwú so ó mọ́ igi, torí tí ìdí rẹ̀ tó nípọn bá wọ yanrìn, á rà.

Níbi tí a bá ti ń já ewé yìí, ẹ ṣọ́ra fún àtọ̀sí ajá. Kòkòrò tó ń fà á ń ti ara ìgbín omi dídùn jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, pàápàá nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́ tí àwọn ọmọdé ń tọ̀ sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò. Tí ẹ bá délé, ẹ fọ ewé náà, ẹ yọ ìgbín ara rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀ tó dà bí itọ́ dídì, kí ẹ kó o sínú garawa omi mìíràn fún ọjọ́ mẹ́ta láìfọwọ́ kàn án. Kòkòrò náà kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ nínú omi tí kò bá rí ara ènìyàn wọ̀. Ìgbín tí ẹ bá fẹ́ fi sínú àpótí, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ní in nínú àpótí tirẹ̀, tó ti bímọ níbẹ̀, ẹ má kó o lódò. Tí ẹnikẹ́ni bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ nínú ilé, ọ̀rọ̀ ẹja ti kọjá, ilé ìwòsàn ló kàn. Oògùn rẹ̀, praziquantel, wà.

Lẹ́yìn tí ewé bá ti fìdí múlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹja sí i, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ra ẹja wúrà inú abọ́ rìbìtì tí wọ́n ń gbé kiri l'Ékòó. Ẹja tó ń dàgbà ju ọwọ́ lọ, tó ń yàgbẹ́ bí ewúrẹ́, inú abọ́ yẹn kì í ṣe ilé fún un, àwa ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹja ilẹ̀ wa ló yẹ ká sìn. Ẹja kan wà, ẹbí kan náà ni òun àti ẹpìyà. Kribensis ni àwọn tó ń sìn ín ń pè é, Pelvicachromis pulcher ni wọ́n kọ sínú ìwé. Gúúsù Nàìjíríà níbí ni orírun rẹ̀. Akọ rẹ̀ kì í ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀, tí abo rẹ̀ bá sì fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi osùn kùn ún. Inú ihò ló ń yé sí. Ẹ la igbá àgbọn sí méjì, ẹ gbẹ́ ilẹ̀kùn kékeré sí etí ìlàjì kan, ẹ dojú rẹ̀ dé yanrìn: ilé ìyàwó ti délẹ̀ nìyẹn. Tìyá tìbàbá ló ń ṣọ́ ọmọ, wọ́n á máa kó wọn kiri bí adìyẹ ṣe ń kó òròmọ.

Tọkọtaya kan, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí kò ju ínṣì kan ààbọ̀ lọ, ti tó fún lítà 50. Ẹ má fi ọmọ àrọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ kó o, á ṣe bí ọmọlúwàbí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á ti jẹ gbogbo ará ilé. Òjíjí ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí iná gbé òun nígbà tó bá ń fọ àpótí, ó lè fi sí i. Ẹ fi ìdérí dé àpótí náà, kí ẹ fi àyè kékeré sílẹ̀ fún atẹ́gùn, torí àwọn ẹja kan ń fò. Irú èyí tó gùn bí ejò, tó máa ń wá mí lókè omi, tí a máa ń rí láti ilẹ̀ Benin dé Kamẹrúùnù, ihò tó gba ìka ọwọ́ ti tó o láti fi jáde.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, àmọ́ kò gba ìgbàgbé. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni oúnjẹ, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Tanwíjí ni wọ́n fẹ́ràn jù, èyí tó sì ṣẹ́kù, edé gbígbẹ tí kò níyọ̀ tí a lọ̀ kúnná, tàbí ekòló gígé. Kì í ṣe gàrí, kì í ṣe búrẹ́dì, kì í ṣe púpúrú. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán á rà, á di ammonia, a tún ti padà sí bésìnnì ọjà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà jáde, kí ẹ fi omi mìíràn tí kò tutù jù, tí kò gbóná jù, dípò rẹ̀. Họ́ọ̀sì kékeré ni ká lò. Ẹ má fẹnu fà á. Ẹ rì í sínú omi títí á fi kún, ẹ fi àtàǹpàkò dí i lẹ́nu, kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ sínú garawa tó wà nísàlẹ̀.

Àwọn ìyá tó fẹ́ràn ìmọ́tótó, ẹ̀yin la ń bá wí báyìí. Ẹ má ko gbogbo rẹ̀ jáde fọ̀ bí ẹni fọ ìkòkò ọbẹ̀. Tí ẹ bá fọ yanrìn, tí ẹ fi ọṣẹ fọ gíláàsì, gbogbo bakitéríà tó ti ń ṣiṣẹ́ fún yín láti oṣù kan ti lọ, ẹja á sì kú sínú omi tó mọ́ jù lọ nínú ilé. Èéhọ̀n ara gíláàsì iwájú nìkan ni kí ẹ fi aṣọ tí kò kan ọṣẹ rí nù kúrò.

Tí ẹ bá jí láàárọ̀ kùtù, tí ẹ rí i pé gbogbo ẹja ń la ẹnu lókè omi, ẹ má pe wòlíì. Ewé omi ń mú èémí wá lọ́sàn-án nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n lóru òun náà ń mí, ó ń bá ẹja pín èyí tó wà. Ẹja ti pọ̀ jù ni, tàbí ojú oró ti bo gbogbo ojú omi pa. Ẹ bu omi sókè kí ẹ dà á padà bíi ti ọmọ ọ̀dọ̀ Anna Thynne, kí ẹ wá dín ewé òkè kù.

Ní ti òwò rẹ̀, a ò ní tan yín. Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó ẹja wẹ́wẹ́ láti inú odò ilẹ̀ wa lọ sí Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà. Ẹja tí àwọn apẹja wa ń gbọ̀n dànù nínú àwọ̀n pé kò tó jẹ, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja ààyè jáde nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ àti ìwé ìlera lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹja náà sì gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ láàyè. Ohun kan tún wà tó dùn wá: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kribensis tó wà ní ọjà òyìnbó lónìí, inú àpótí lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ti bí i, kò fojú kan odò wa rí. Wọ́n kó bàbá ńlá wọn lọ láti ibí, wọ́n mọ bó ṣe ń yé, wọ́n mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń yè, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò wa mọ́. Ìmọ̀ yẹn náà ni igbá àgbọn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn máa fún yín. Báńkì, ilé ìwòsàn àti òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ àpótí báyìí wà l'Ékòó àti l'Ákùúrẹ́. Wọ́n ń fẹ́ ẹja, wọ́n ń fẹ́ ewé, wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tí á máa wá tọ́jú rẹ̀ lóṣooṣù. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mú ẹyọ kan wà láàyè fún oṣù mẹ́fà nínú ilé tiyín. Ẹ má yá owó lé e lórí. Ẹja tí wọ́n bá sì fi Gamalin pa nínú odò, kódà tó bá ṣì ń jà pìtì, ẹ má rà á sí i, kò ní yè.

Ọ̀rọ̀ ewé tí ẹ bá yọ dànù nínú àpótí ló kù. Gbogbo wa la mọ gbéborùn, ewé olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń bo ojú omi, tí ọkọ̀ kì í lè kọjá, tó ń gba àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja. Ewé yẹn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Torí pé òdòdó rẹ̀ dára lójú ni àwọn ènìyàn ṣe gbé e káàkiri ayé láti fi ṣe omi ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ní 1984 ló gba ọ̀nà omi láti ilẹ̀ Benin wọ Badagry, ó sì tẹ̀ síwájú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan ti ń fi igi rẹ̀ gbígbẹ hun apẹ̀rẹ̀ àti bàtà; Achenyo Idachaba sọ ọ́ di iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n èyí tó wà lójú omi kò tíì tán. Nítorí náà, ewé tàbí ẹja tí ẹ bá rà l'Ékòó, tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, kò gbọdọ̀ balẹ̀ sínú odò, kódà tó bá ti sú yín. Ẹ sá a sórí ilẹ̀ títí á fi gbẹ, kí ẹ wá dà á sídìí ewédú, ajílẹ̀ ni.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ẹ ṣọ́ omi odò. Nígbà tí òjò bá ti dá, tí omi òkè ò wá mọ́, omi òkun á máa wọlé sínú àwọn odò wa, iyọ̀ rẹ̀ á sì pa òṣíbàtà àti ojú oró. Ẹ máa fi ọṣẹ dán an wò nínú abọ́ lọ́tọ̀: omi tí ọṣẹ ò bá hó nínú rẹ̀ dáadáa, ẹ má bu ú sí àpótí. Ẹ gbe omi òjò sílẹ̀ kó tó dá. Pípààrọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ń gba nǹkan bí lítà méjìlá ààbọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́jọ tó ní ìdérí á tó yín fún oṣù mẹ́rin.